Ọmọ mi máa pé 18 lóṣù tó ń bọ̀, ṣé ibẹ̀ ni owó ìtọ́jú ọmọ parí sí?

Àrẹ̀mọ70
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ti kọ ara wa sílẹ̀ tipẹ́, New York la wà nígbà yẹn, kóòtù ibẹ̀ ló pàṣẹ iye tí mo ń san lóṣooṣù lórí ọmọ méjèèjì. Mo wá kó wá sí Texas nítorí iṣẹ́, ibi iṣẹ́ mi ló ń yọ owó náà kí owó oṣù tó dé ọwọ́ mi. Èyí àgbà máa pé ọmọ ọdún 18 lóṣù tó ń bọ̀, àbúrò ẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 14. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wá sọ fún mi pé ní Texas níbí, tí ọmọ bá ti pé 18 tó sì ti jáde girama, ó parí nìyẹn, pé kí n kàn lọ bá àwọn tó ń sanwó oṣù kí wọ́n gé e sí méjì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ má rò pé mi ò fẹ́ tọ́ ọmọ mi o, mò ń san án déédéé látọjọ́ tí wọ́n ti ní kí n san án, mo kàn fẹ́ mọ ibi tí òfin fi mí sí ni.

Káyọ̀dé_K
Bọ̀ọ̀dá, 18 ni jàre. Ọmọ tó lè dìbò, tó lè wọṣẹ́ ṣọ́jà, àgbà ni. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n gé e, kò séèyàn tó máa bi yín ní nǹkan kan.

Àǹtí_Lọ́yà
Ẹ dákun bọ̀ọ̀dá Àrẹ̀mọ, ẹ má tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sanwó oṣù o! Káyọ̀dé, mi ò fẹ́ bá ẹ jà, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ yẹn gan-an ló ń kó àwọn bàbá sí gbèsè. Ọ́fíìsì lọ́yà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdílé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ la ń rí i.

Ọjọ́ tí ọmọ di àgbà lójú òfin lọ́tọ̀, ọjọ́ tí owó ìtọ́jú ẹ̀ máa dúró lọ́tọ̀. Níbòmíì méjèèjì bọ́ sí ọjọ́ kan náà, níbòmíì wọn ò sún mọ́ra rárá. Ní New York ọmọ di àgbà ní 18, ó lè tọwọ́ bọ̀wé fúnra ẹ̀, àmọ́ owó ìtọ́jú ẹ̀ ń lọ títí dé 21. Mississippi náà 21 ni. Alabama àti Nebraska, 19. Indiana ń lo 21 tẹ́lẹ̀, lọ́dún 2012 ni wọ́n já a wálẹ̀ sí 19. California, 18 ni, àmọ́ tí ọmọ bá ṣì wà ní girama, ó lè dé 19. Massachusetts ńkọ́, ó lè dé 23 tí ọmọ bá ń kàwé tó sì ń gbé lọ́dọ̀ òbí tó ń gbọ́ bùkátà ẹ̀. Torí náà kò sẹ́ni tó lè dìde kó ní 18 ni gbogbo ayé ń lò.

Ó wá ku tiyín. Ìwé àṣẹ yín, New York ló ti jáde. Gbogbo ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní UIFSA, ohun tó sì sọ ni pé òfin ìpínlẹ̀ tó pàṣẹ nígbà àkọ́kọ́ ni wọ́n máa fi mọ ìgbà tí owó náà máa parí. Kí ẹ kó lọ Texas, kí ẹ kó lọ Alaska, 21 yẹn ń tẹ̀ lé yín ni. Kódà tí kóòtù Texas bá wá gba ẹjọ́ náà lọ́jọ́ iwájú tó dín iye owó kù, kò lè fọwọ́ kan ọjọ́ tó máa parí. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ kò purọ́, òfin Texas ló sọ fún yín, àmọ́ òfin Texas kọ́ ló dè yín.

Ẹ lọ wá ìwé àṣẹ yẹn jáde, ẹ kà á látòkè délẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ìgbà tó máa parí. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ, àní èmi náà.

Àrẹ̀mọ70
Háà! 21 kẹ̀? Ọdún mẹ́ta míì nìyẹn o. Ẹ ṣeun àǹtí, Ọlọ́run á bù kún yín. Màá wá ìwé náà lópin ọ̀sẹ̀, ó wà nínú páálí tí mi ò tíì tú látìgbà tí mo ti kó débí. Ṣùgbọ́n tí èyí àgbà bá wá pé 21 náà, ṣé nígbà yẹn mo lè gé e sí méjì?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá
Rárá o àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe ìṣirò ẹ̀, torí New York ni wọ́n ti ṣe tèmi náà.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún òbí ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Ọmọ kan, 17. Ọmọ méjì, 25. Mẹ́ta, 29. Mẹ́rin, 31. Márùn-ún sókè, ó kéré tán 35. Ẹ wò ó dáadáa, ọmọ kejì kò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà tó dé, báwo ló ṣe máa wá gé e sí méjì nígbà tó bá lọ? Láti 25 lẹ máa bọ́ sí 17, kì í ṣe 12 àbọ̀.

Èkejì tó ṣe pàtàkì jùyẹn lọ, kò ní bọ́ sílẹ̀ fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé iye kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sínú àṣẹ yẹn fún àwọn ọmọ méjèèjì pa pọ̀, tí wọn ò kọ pé eléyìí ti àgbà, eléyìí ti àbúrò, iye yẹn ló ń lọ láìdínkù títí ẹ ó fi lọ kọ̀wé sí kóòtù pé ọmọ kan ti kúrò lórí ẹ̀, kí adájọ́ tún un ṣírò. Mo mọ ọkùnrin kan tó gé e sí ìdajì fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀ àgbà pé 21, inú ẹ̀ dùn, ó gbà pé òun ò ṣẹ̀. Ìdajì tí kò san yẹn ń wọlé sórí ẹ̀ bíi gbèsè lóṣù lóṣù, kò mọ̀, àfìgbà tó fẹ́ gba ìwé ìrìnnà tuntun tí wọ́n ní kò lè gbà á.

Káyọ̀dé_K
Ìwé ìrìnnà? Nítorí owó ọmọ?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá
Bẹ́ẹ̀ ni. Tí gbèsè owó ìtọ́jú ọmọ bá ti lé ní dọ́là 2,500 ní Amẹ́ríkà, àjọ tó ń gba owó náà lè fi orúkọ rẹ ránṣẹ́, wọn ò ní fún ẹ ní ìwé ìrìnnà. Wọ́n tún lè gba owó orí tó yẹ kí ìjọba dá padà fún ẹ. Kì í ṣe ohun tá a fi ń ṣeré.

Délé_Lọ́ńdọ̀n
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa ní UK torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ń ka èyí ọ̀dọ̀ wa ló wà. Child Maintenance Service (CMS), ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ṣírò owó ìtọ́jú ọmọ, ní tiwọn, 16 ló ti lè parí. Àmọ́ tí ọmọ bá ń bá ẹ̀kọ́ lọ, irú A-level tàbí ohun tó bá ìwọ̀n yẹn dọ́gba, tí ẹ̀kọ́ ẹ̀ sì lé ní wákàtí 12 lọ́sẹ̀, owó náà ń lọ títí dé 20. Child Benefit ló ń tẹ̀ lé, ìyẹn owó tí ìjọba ń fún ẹni tó ń tọ́jú ọmọ, tí ìyẹn bá dúró, tibí náà máa dúró.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í mọ̀ ni pé yunifásítì kò sí nínú ẹ̀. Ọmọ wọ yunifásítì ní 18, CMS ti pa ìwé ẹ̀ dé nìyẹn, ìgbà tí ìnáwó wá ń pọ̀ sí i. Àmọ́ kóòtù ṣì wà. Òfin Matrimonial Causes Act 1973 àti Children Act 1989 fún kóòtù lágbára láti ní kí òbí máa sanwó nígbà tí ọmọ ṣì ń kàwé, kódà ọmọ tó ti lé ní 18 lè fúnra ẹ̀ kọ̀wé tó bá jẹ́ pé àwọn òbí ẹ̀ ò gbé pọ̀. Scotland tún ní tiwọn, òfin ọdún 1985 ní ó lè dé 25 tí ọmọ bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ tàbí tó ń kọ́ṣẹ́.

Ní ti ìṣirò, ẹni tó bá ń gba owó oṣù lásán, ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọ kan, 16 fún méjì, 19 fún mẹ́ta sókè, lórí pọ́n-ùn 800 àkọ́kọ́ tó ń wọlé lọ́sẹ̀. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti sọ fún wọn pé èyí àgbà ti jáde, àwọn fúnra wọn máa tún un ṣírò, ẹ ò ní torí ẹ̀ lọ kóòtù.

Àdùnní_TO
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀, mo ní kí n dákẹ́, àmọ́ mi ò lè dákẹ́. Ìyá ni mí, èmi ni mò ń gba owó náà, Kánádà la wà. Ọjọ́ tí ọmọ mi ọkùnrin pé 18 gan-an ni bàbá ẹ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Kò kí ọmọ kú ọjọ́ ìbí o. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, "Lónìí ni mo parí tèmi." Ọmọ náà ti gba ìwé pé kó wá sí yunifásítì, owó ilé ẹ̀kọ́ ti wà nílẹ̀, èmi náà sì gbà pé 18 ni 18, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́ alẹ́ kún ti ọ̀sán.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi pé kí n lọ béèrè. Òfin ìkọ̀sílẹ̀ wa níbí, Divorce Act, kò sọ pé ó parí ní 18. Ó ní tí ọmọ bá ti di àgbà àmọ́ tí kò tíì lè kúrò lábẹ́ àwọn òbí ẹ̀ nítorí àìsàn, àbùkù ara tàbí ìdí míì, ọmọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ bùkátà ẹ̀ ṣì ni. Ẹ̀kọ́ wà lára ìdí míì yẹn, ọjọ́ pẹ́ tí àwọn adájọ́ ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí tí ọmọ fi ń di àgbà pàápàá kò dọ́gba níbí, 18 ni Ontario àti Alberta, 19 ni British Columbia àti Nova Scotia.

Nígbà tá a dé kóòtù, adájọ́ ò bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ orí ọmọ rárá. Ó béèrè àkọsílẹ̀ pé ó ń lọ sí kíláàsì ní kíkún, ó béèrè èsì ìdánwò ẹ̀, iye tó rí níbi iṣẹ́ tó ṣe nígbà ìsinmi, ó béèrè bóyá ó ti gbìyànjú láti yá owó ìjọba, ibo ló ń gbé, ṣé lọ́dọ̀ mi ni àbí nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ní láti fi díẹ̀ sí i, wọn ò da gbogbo ẹ̀ lé bàbá ẹ̀ lórí. Mo gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní kí bàbá ẹ̀ padà máa san.

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bá ń ka èyí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ lọ béèrè.

Káyọ̀dé_K
Àǹtí Àdùnní, mo gbọ́ yín, ó sì dùn mí gan-an. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ gbogbo yín, ṣé kò ní ibi tó máa dé ni? Ọmọ lè kàwé gboyè àkọ́kọ́, kó ní òun ń lọ fún ìkejì, kó yí ẹ̀kọ́ padà lẹ́ẹ̀mejì, bàbá á máa san án lọ títí di 30? Èmi náà lọ́mọ, màá rán an níwèé pẹ̀lú ìfẹ́, àmọ́ kí kóòtù fi ipá mú mi lórí àgbàlagbà yàtọ̀.

Jámánì_Kúnlé
Ìbéèrè tó dáa lo bi yẹn. Ní Jámánì níbí wọn ò wo ọjọ́ orí rárá, iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó máa gbé ọmọ dúró ni wọ́n ń wò. Òbí gbọ́dọ̀ san án títí ọmọ á fi parí èyí, yálà ó jẹ́ kíkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí yunifásítì. Tó bá ti parí ọ̀kan, kì í sábà ní ẹ̀tọ́ sí owó ìkejì. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa kàwé tọkàntọkàn, kò lè máa fi ọdún ṣòfò kó ní kí bàbá máa san. Ohun kan tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ni pé tí ọmọ bá ti pé 18, owó náà ti di ti ọmọ fúnra ẹ̀, òun ló ń béèrè ẹ̀, àti bàbá àti ìyá ló sì máa pín in san bí agbára oníkálukú bá ṣe mọ. Ìyá tó ń tọ́jú ẹ̀ nílé tẹ́lẹ̀ kò lè sọ mọ́ pé ìtọ́jú tóun ń ṣe ti tó.

Ítálì náà kì í fi 18 dá a dúró, títí ọmọ á fi lè gbọ́ bùkátà ara ẹ̀ ni. Àmọ́ lọ́dún 2020 kóòtù wọn tó ga jù sọ ọ́ gbangba pé ọmọ tó ti dàgbà gbọ́dọ̀ wáṣẹ́ ṣe, kò lè máa dúró de iṣẹ́ tó wù ú lọ́kàn kí òbí máa bọ́ ọ. Ó ní ibi tó ń dé, Káyọ̀dé, kàlẹ́ńdà kọ́ ló ń sọ ibẹ̀ ni.

Bàbá_Dúró
Ẹ gba èmi náà láyè díẹ̀. Ọmọ mi ti pé 19, New York ni àṣẹ tèmi náà ti wá. Kì í gbé ìpè mi, kì í dá mi lóhùn, mi ò rí i mọ́. Ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ máa san?

Àǹtí_Lọ́yà
Ẹ pẹ̀lẹ́ bàbá, ó máa ń dun èèyàn, ó sì ṣe pàtàkì kí ẹ mọ bó ṣe jẹ́ gan-an. Tí ìyá ò bá jẹ́ kí ẹ rí ọmọ, ìyẹn fúnra ẹ̀ kò dá owó dúró. Ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni àǹfààní láti rí ọmọ, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni owó. Ẹni tó bá dá owó dúró torí pé wọn ò jẹ́ kó rí ọmọ, òun ló máa jẹ gbèsè.

Àmọ́ New York ní nǹkan kan. Tí ọmọ tó ti tó ẹni tó lè ṣiṣẹ́ bá fúnra ẹ̀ kọ òbí sílẹ̀ láìsí ìdí, tó kọ̀ láti ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀, kóòtù lè gbà pé ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ sí owó náà. Ẹ̀rí ẹ̀ kì í rọrùn o. Wọ́n máa fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀yin náà ṣe: ṣé ẹ pè, ṣé ẹ kọ̀wé, ṣé ẹ rán nǹkan sí i lọ́jọ́ ìbí ẹ̀, àbí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pa ilẹ̀kùn dé. Tó bá jẹ́ pé ìwà òbí ló lé ọmọ sẹ́yìn, adájọ́ ò ní gbọ́ ti òbí. Ẹ tọ́jú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ àtàwọn ìpè tí kò gbé. Títí adájọ́ á fi sọ̀rọ̀, ẹ máa san.

Àwọn nǹkan míì tó lè mú kó parí ṣáájú ọjọ́ orí: kí ọmọ gbéyàwó tàbí kó wọ ilé ọkọ, kó wọṣẹ́ ológun, kó máa ṣiṣẹ́ ní kíkún kó sì máa gbọ́ bùkátà ara ẹ̀, kí ẹlòmíì gbà á tọ́ lọ́nà òfin. Tí wọ́n bá gbà á tọ́, èyí tó ń bọ̀ ló máa dúró, gbèsè tó ti wà nílẹ̀ ò ní torí ìyẹn pa rẹ́. Nínú gbogbo ẹ̀, ẹ lọ jẹ́ kí kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá_Tólá
Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ bíi tèmi. Ọmọ mi ti lé ní ogún ọdún, àmọ́ kò lè dá gbé láéláé, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún un, èmi ni mò ń wọṣọ sí i lọ́rùn, ní gbogbo òwúrọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó pé 18 ni àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé owó bàbá ẹ̀ máa dúró, mo sunkún.

Irọ́ ni wọ́n pa fún mi. California la wà, òfin ibẹ̀ ní àwọn òbí méjèèjì ló ni ojúṣe ọmọ tí kò lè ṣiṣẹ́ jẹun tí kò sì ní ohun tó lè fi gbọ́ bùkátà ara ẹ̀, ọdún yòówù kó jẹ́. Mo gbọ́ pé Texas náà lè pàṣẹ ẹ̀ láìní òpin tí àìlera náà bá ti wà kó tó pé 18. New York sì ṣe òfin lọ́dún 2021 tó jẹ́ kó dé 26 fún àwọn tí ìdàgbàsókè wọn ní ìṣòro.

Ẹ̀yin òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí kóòtù kí ọjọ́ tí àṣẹ àkọ́kọ́ máa parí tó dé. Ẹ kó ìwé dókítà àti ti ilé ẹ̀kọ́ dání. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ lọ́yà bí owó náà ṣe máa wọlé, torí tí ọmọ bá ń gba SSI, ìyẹn owó tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún aláìlera tí kò ní lọ́wọ́, owó tí bàbá ń san lè dín ìyẹn kù. Lọ́yà tèmi ló ní kí adájọ́ pàṣẹ kó máa wọ inú àpò àkànṣe tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá sọ ọ́, ọwọ́ kan là bá máa gbà, ọwọ́ kejì á sì máa padà sófo.

Àdùnní_TO
Ìyá Tólá, Ọlọ́run á fún yín lókun. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Wálé_Ìbàdàn
Ẹ dákun Nàìjíríà ńkọ́? Ṣé a tiẹ̀ ní irú ẹ̀?

Àǹtí_Lọ́yà
A ní in dáadáa, Wálé. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ìyẹn ti kóòtù tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé ẹ̀rí, Matrimonial Causes Act ọdún 1970 ló ń ṣàkóso ẹ̀. Abala 70 ní kóòtù ò ní pàṣẹ owó ìtọ́jú fún ọmọ tó ti pé 21 àyàfi tí ìdí pàtàkì bá wà. Ẹ rí i pé 21 ló kọ síbẹ̀, kì í ṣe 18, ó sì tún fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ yàtọ̀.

Child's Rights Act ọdún 2003 ní tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tí kò tíì pé 18. Kò bìkítà bóyá àwọn òbí ṣègbéyàwó. Ó ní ọmọ ní ẹ̀tọ́ kí òbí tọ́jú òun bí agbára òbí bá ṣe mọ, ọmọ náà sì lè béèrè ẹ̀tọ́ yẹn ní kóòtù ìdílé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà á wọlé, Èkó ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2007. Òfin kọ́ ló wọ́n wa, kí àwọn èèyàn mọ̀ pé àwọn lè lọ béèrè ni, kí àṣẹ sì múlẹ̀ tí adájọ́ bá ti sọ̀rọ̀.

Ghana náà, Children's Act wọn ti 1998 ní 18, àmọ́ ilé ẹjọ́ lè jẹ́ kó máa lọ tí ọmọ bá ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ tàbí tó ń kọ́ṣẹ́.

Ọmọ_Ìyá_Mi
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o ẹ̀yin àgbà. Èmi ọmọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí bàbá mi ò san, wọ́n ń sọ fún mi pé tí mo bá ti dàgbà, gbèsè yẹn ti kú. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n_Ṣọlá
Kò kú o, ọmọ mi. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan wà láti 1986 tí wọ́n ń pè ní Bradley Amendment, gbogbo owó tí ọjọ́ ẹ̀ bá ti kọjá tí wọn ò san ti di ìdájọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, adájọ́ ò lè padà sẹ́yìn lọ pa á rẹ́. Ọmọ lè pé 21, ó lè pé 30, gbèsè ṣì wà nílẹ̀ lórúkọ ẹni tó jẹ ẹ́. Ìyá ẹ tó gbọ́ bùkátà nígbà yẹn ló sábà máa ń ni owó náà, torí náà ìyá ẹ ni kó lọ béèrè.

Àdùnní_TO
Ní Kánádà náà, kóòtù tó ga jù sọ lọ́dún 2020, nínú ẹjọ́ Michel àti Graydon tó wá láti British Columbia, pé kóòtù lè ní kí bàbá san owó ọdún tó ti kọjá bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ti dàgbà kí ìyá tó béèrè. Bàbá yẹn kò sọ iye tó ń wọlé fún un ní tòótọ́, ìyẹn ni wọ́n fi mú un.

Àrẹ̀mọ70
Mo ti tú páálí yẹn, mo rí ìwé náà. Ojú ìwé kẹrin ló wà. Ó ní títí ọmọ á fi pé 21, àyàfi tó bá ti dá dúró láyè ara ẹ̀ ṣáájú, iye kan ṣoṣo ni wọ́n sì kọ fún àwọn méjèèjì gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá ṣe sọ. Mo pe ìyá wọn lálẹ́ àná, a sọ̀rọ̀ dáadáa, a ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí àgbà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ti sọ fún un pé kò sí ohun tó máa yí padà.

Ìbéèrè kan ló kù. Ibi iṣẹ́ mi ti dín wákàtí kù, owó tó ń wọlé kò tó ti ọdún tí wọ́n ṣe àṣẹ yẹn mọ́. Ìyá wọn ní òun gbà kí n máa san díẹ̀ kéré sí i fún ìgbà díẹ̀. Ṣé ìyẹn tó?

Àǹtí_Lọ́yà
Ẹ kú iṣẹ́ bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin méjèèjì. Kò tó. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá fi ẹnu lásán gbà á, iye tó wà nínú ìwé ló ṣì ń kà lọ́hùn-ún, èyí tí ẹ ò san á di gbèsè, ìyá wọn lè yí ọkàn padà lọ́dún méjì sí i, tàbí kí wàhálà míì ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ gbé e lọ sí kóòtù New York níwọ̀n ìgbà tí ìyá àtàwọn ọmọ ṣì ń gbé níbẹ̀, kí adájọ́ sọ ọ́ di àṣẹ. Fún àwọn àṣẹ New York tó jáde lẹ́yìn tí òfin ọdún 2010 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ lè béèrè fún àyípadà tí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá, tàbí tí owó tó ń wọlé bá ti yí padà ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ó kéré tán. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ò fúnra yín fiṣẹ́ sílẹ̀, tí ẹ sì ń wá òmíràn, ẹ kó ìwé owó oṣù tó ti kọjá àti ti ìsinsìnyí dání.

Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Láti ọjọ́ tí ìwé yín bá wọ kóòtù ni wọ́n lè ka àyípadà náà, wọn ò lè padà sí àwọn oṣù tó ti kọjá.

Nígbà tí ọjọ́ tó máa parí pátápátá bá sì wá dé, ẹ gba ìwé pé ó ti parí lọ́wọ́ kóòtù tàbí àjọ tó ń gba owó náà, kí ẹ rí i pé ó dé ọwọ́ àwọn tó ń sanwó oṣù níbi iṣẹ́ yín, torí àwọn yẹn ò ní dá a dúró nítorí pé ẹ sọ fún wọn, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Èyí tí wọ́n bá ti yọ kọjá, ó ṣòro kó padà wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìwé yẹn ní bí oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Àrẹ̀mọ70
Màá pe kóòtù láàárọ̀ Mọ́ńdè.